Kí ni ká pe ilẹ̀dú tí wọ́n ń tẹ́ sórí ààtàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tó yẹ ká fún kọ́ńpóòsì, ìyẹn ewé àti pàǹtírí tó ti jẹrà di ilẹ̀, tí wọ́n ń tẹ́ sórí ààtàn ńlá kí gáàsì mẹ́ténì tó ń jáde níbẹ̀ lè dín kù. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "ìdérí ajílẹ̀". Ẹlòmíràn ní ká kúkú máa pe mẹ́ténì ní "èémí ààtàn". Ẹ má bínú, n ò fara mọ́ méjèèjì.

Ohun tí a bá dé, a ò fẹ́ kí tinú rẹ̀ jáde ni. Amọ̀ tàbí rọ́bà ni wọ́n fi ń dé ààtàn báyẹn. Iṣẹ́ ti kọ́ńpóòsì yàtọ̀. Gáàsì ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti òkè, àwọn bakitéríà tó ń gbé inú kọ́ńpóòsì á sì jẹ mẹ́ténì lójú ọ̀nà. Omi àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáídì ló máa kù. Èrè ńlá nìyẹn, torí láàárín 100 ọdún, mẹ́ténì ń mú ayé gbóná tó ìlọ́po 28 kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáídì tí wọ́n jọ wúwo bákan náà. Iyẹ̀pẹ̀ lásán náà ń gbìyànjú: IPCC, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́, ní ká kà á pé ó ń mú ìdá 10 nínú 100 mẹ́ténì kúrò ní ààtàn tí wọ́n bò, tí wọ́n sì ń tọ́jú.

Ní ààtàn Fakse, ní Denmark, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́, kí gáàsì lè tàn káàkiri kó má gba ojú kan ṣoṣo jáde, kí wọ́n tó da kọ́ńpóòsì lé e. Ẹni tó bá gbọ́ "ìdérí", kátakátá ni yóò fi tẹ̀ ẹ́ títí á fi le gbagidi. Afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé mọ́, iṣẹ́ bakitéríà parí nìyẹn. "Ìbora" ni tèmi; aṣọ ìbora ń jẹ́ kéèyàn mí.

Ajílẹ̀ ńkọ́? Ti oko ni. NPK inú àpò náà ajílẹ̀ ni, kò sì lè ṣe iṣẹ́ yìí láéláé. Ilẹ̀dú ló bá a mu, ilẹ̀ dúdú fúlẹ́fúlẹ́ táwọn ìyá wa máa ń bù lẹ́yìn àkìtàn lọ gbin ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá sọ pé ilẹ̀dú, ohun tó ti jẹrà tán ló ń sọ. Ìyẹn sì ṣe pàtàkì: kọ́ńpóòsì tí kò tíì jẹrà tán á máa bá bakitéríà du afẹ́fẹ́, nígbà mìíràn òun gan-an á tún máa tú mẹ́ténì jáde.

"Èémí ààtàn" dùn létí, àmọ́ ó fẹ̀ ju mẹ́ténì lọ. Bí ìdajì ohun tó ń jáde lára ààtàn ni mẹ́ténì, kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáídì ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Òórùn tó ń ta sí wa nímú tí a bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn Olusosun l'Ékòó kì í tilẹ̀ ṣe mẹ́ténì, nítorí mẹ́ténì ò ní òórùn. Ẹ jẹ́ ká fi "èémí ààtàn" pe àpapọ̀ wọn, kí mẹ́ténì máa jẹ́ mẹ́ténì.

Ẹnì kan lè sọ pé "ìbora ilẹ̀dú" dún bíi pé ilẹ̀dú ni à ń bò. Òótọ́ ni, ìdí tí mo fi yan "ìbora onílẹ̀dú" nìyẹn. Ẹni tó bá ní èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gbé e wá. "Ìdérí" nìkan ni n ò ní gbà.