Ṣé "ìjánu alágbára" ló yẹ ká pe búsítà?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú àṣàrò o. Ẹnì kan nínú wa ń kọ ìwé pélébé lórí àtúnṣe Pijó 504, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975. Ó ń wá orúkọ Yorùbá fún búsítà, ìyẹn agolo irin ńlá tó wà láàárín pẹ́dà bíréèkì àti másítà, èyí tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àwọn kan ní "ìjánu alágbára", nítorí ìjánu la ń pe bíréèkì. Bàbá wa kan ní ká fi búsítà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Mi ò fara mọ́ "ìjánu alágbára" rárá. Búsítà kọ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń ràn lọ́wọ́. Tó bá kú, ìjánu ò tíì kú: pẹ́dà á kàn le gbagidi, wàá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á sì rìn jìnnà kó tó dúró. Àwọn mẹkáníìkì mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. "Bíréèkì le" lọ́tọ̀, "bíréèkì ń wọlẹ̀" lọ́tọ̀. Èyí tó ń wọlẹ̀, ẹ wo rọ́bà inú másítà, ẹ wo ibi tí ọ́ìlì ti ń jò, tàbí kẹ́ ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá torí ìyẹn ra búsítà tuntun ti fowó ṣòfò.

Agbèjánu ni tèmi, ìyẹn ohun tó ń gbe ìjánu. A ti ní agbèjà tẹ́lẹ̀, ẹni tó gbè ọ́ níjà kọ́ ló ni ìjà.

Ẹlòmíì tún fẹ́ "òfìfo" fún ohun tó ń gba inú họ́ọ̀sì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà gbọọrọ tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó dà bíi pé òfìfo ló ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì kọ́. Rọ́bà pẹrẹsẹ kan ló pín inú agolo yẹn sí méjì, ẹ́ńjìnnì sì ń fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ pẹ́dà, afẹ́fẹ́ ìta á ya wọ ẹ̀yìn rọ́bà náà, á sì tì í síwájú. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìfà". Ó bá ẹ́ńjìnnì dísù náà mu: ìyẹn kì í dá fa afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pọ́ǹpù ìfà ni wọ́n ń dè mọ́ ọn.

Ẹ wò ó nínú gbólóhùn bóyá ó dùn-ún kà: "Pa ẹ́ńjìnnì. Tẹ pẹ́dà léraléra títí á fi le. Má gbẹ́sẹ̀ kúrò, kí o wá sítáàtì ọkọ̀. Bí pẹ́dà bá rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, agbèjánu ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá mira, yẹ họ́ọ̀sì ìfà wò ná, bóyá ó ti sán. Bí o bá ń gbọ́ ṣìììì nídìí pẹ́dà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rọ́bà inú agbèjánu ló ti ya."

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín ò ṣeé kó dànù. Ẹni tó bá dé Ládípọ̀, ọjà páàtì ọkọ̀ l'Ékòó, tó ní agbèjánu lòun ń wá, wọ́n á ní kó gba ilé ẹjọ́ lọ. Kí òǹkọ̀wé wa kọ búsítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ó tán.

Fáàfù kékeré ẹnu họ́ọ̀sì náà ló kù, èyí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde tí kì í jẹ́ kó padà. "Fáàfù ọ̀nà-kan" tó mi. Ta ló ní èyí tó sàn jù?