Rúgúdù kọ́, àrùn kọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ òyìnbó, ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀fà dábàá "ìṣèlú rúgúdù" fún anarchism, èrò pé àwọn ènìyàn lè gbé pọ̀ láìsí ọ̀gá tàbí ìjọba lórí wọn. Ó sì dábàá "àrùn àìmọ̀wékà" fún dyslexia, ìṣòro tó máa ń jẹ́ kí ìwé kíkà nira fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́, àmọ́ n kò lè gba ìkankan nínú méjèèjì.

Ti ìwé kíkà ló kàn mí jù. Mo wà ní Páráìmárì Kẹta, nílùú kan lẹ́bàá Òmù-Àrán, nígbà tí tíṣà pè mí síwájú bọ́ọ̀dù. "Bàbá" ló kọ síbẹ̀. Mo wò ó títí, "Dàdá" ni mo kà. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ yẹn bá mi dé Páráìmárì Kẹfà, òun àti "olódo". Bẹ́ẹ̀, mo lè ki oríkì ilé wa láti òkè délẹ̀ láìfo ẹsẹ̀ kan.

Ẹ wo "olódo" yẹn dáadáa. Òdo inú máàkì ni wọ́n fi ṣẹ̀dá rẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí máàkì, kò lè sí olódo. "Àrùn" kò tọ̀nà, ara mi dá ṣáṣá. "Àìmọ̀wékà" sì ni ti ẹni tí wọn kò rán nílé ìwé. Èmi ń lọ lójoojúmọ́. Nígbà tí Rudolf Berlin, dókítà ojú ará Jámánì, sọ dyslexia lórúkọ láàárín ọdún 1880 sí 1889, "ìnira" àti "ọ̀rọ̀" ló so pọ̀ láti inú èdè Gíríìkì. "Ìnira ìwékíkà" tó mi.

Ibi ọ̀rọ̀ ilé ìwé àti máàkì yìí gan-an lọ̀rọ̀ kejì, anarchism, ti wọlé. Ní 1901, Francisco Ferrer, anarchist ará Sípéènì, dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Barcelona: kò sí ìdánwò, kò sí ẹ̀bùn, kò sí ìjìyà. Kò sẹ́ni tó lè jẹ́ olódo níbẹ̀. Ní 1909 wọ́n yìnbọn pa á, ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé òun ló wà nídìí rògbòdìyàn ìlú. Ẹ̀gbọ́n, ẹnu àwọn tó pa á ni "rúgúdù" ti jáde.

"Láìsí olórí" ni ìtumọ̀ anarchism ní Gíríìkì. "Àìlọ́gàá" ni èmi dábàá fún un. Ẹ lè ní "àì-" tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń dún bí òfìfo. Ṣé ẹ ti gbàgbé oríkì Ìlọrin ni? "Ìlú tó tóbi tó báyìí, wọn ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn." Nǹkan mìíràn ló dúró sí àyè eégún. Nígbà tí bàbá mi ń ṣàáró, ẹni tó loko lónìí ló ń tọ́ka ibi tí ebè máa gbà. Lọ́la, lóko ẹlòmíràn, òun náà á tẹ̀ mọ́ ọkọ́ bíi ti gbogbo wọn. Kò sí ọ̀gá, ebè sì ń pọ̀.

Ibi tó kù tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn ni orúkọ ẹni tó gba èrò yìí gbọ́, ìyẹn anarchist, èyí tí Proudhon, òǹkọ̀wé ará Faransé, fi pe ara rẹ̀ ní 1840. "Aláìlọ́gàá" ń dún bí ọmọṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kú. Ẹ bá mi wá èyí tó dára jù ú lọ.