Ìrírí wa: ohun tójú wa rí nígbà tí a ń so láíbìrì C mọ́ Sage

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ ní kí ẹni tó bá ti so láíbìrì mìíràn (àkójọ kóòdù tí ètò mìíràn lè pè lò) mọ́ Sage rí wá sọ tẹnu rẹ̀. Tèmi rèé.

Fún ẹni tí kò bá mọ Sage: ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò ni, William Stein ló dá a sílẹ̀ ní 2005. Dípò kó tún gbogbo ìṣirò kọ látìbẹ̀rẹ̀, àwọn ètò tó ti wà nílẹ̀ ló kó jọ, irú bíi PARI, GAP, Singular, Maxima, NTL àti FLINT, ó sì fi èdè kọ̀ǹpútà Python so wọ́n pọ̀. Cython ló máa ń dúró láàárín Python àti láíbìrì tí wọ́n fi C, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, kọ. Ibẹ̀ ni ojú mi ti rí nǹkan.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe kéré lójú mi. FLINT ní fmpz_poly_factor, tó ń fọ́ pólínómíà olódidi nọ́ńbà sí wẹ́wẹ́. Nínú ẹ̀dà Sage tó wà lọ́wọ́ mi, PARI àti NTL ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo wá ní kí n so ti FLINT náà mọ́ ọn kí n lè fi wọ́n wéra. Odidi alẹ́ méjì ni mo fi kọ́ Sage láti orísun kóòdù rẹ̀, torí iná tí wọ́n ń mú lọ. Mo dúpẹ́ pé make, ètò tó ń sọ kóòdù yẹn di Sage tó ṣeé lò, kì í padà sórí ohun tó bá ti parí.

Kóòdù mi àkọ́kọ́ ò gùn rárá. Mo fún un ní x^4 - 1, ó dá (x - 1), (x + 1) àti (x^2 + 1) padà. Inú mi dùn débi pé mo pe àbúrò mi wá wò ó. Ni mo bá ní kó fọ́ mílíọ̀nù pólínómíà léraléra. Mẹ́mórì ń kún, ó ń kún, títí láptọ́ọ̀pù fi dákú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ti pe fmpz_poly_factor_init, tó ń gba àyè sílẹ̀ fún èsì, n ò pe fmpz_poly_factor_clear, tó ń dá mẹ́mórì rẹ̀ padà. Python máa ń gbálẹ̀ tẹ̀lé èèyàn. C ò mọ ìyẹn. Ẹni tó bá yá ìkòkò aládùúgbò dáná ayẹyẹ, òun ló máa fọ̀ ọ́, òun náà ló máa dá a padà.

Mo kọ clear sí ìsàlẹ̀, mo rò pé ó parí. Mo gbé pólínómíà ńlá kan fún un, ó pẹ́, mo tẹ Ctrl-C kó lè dúró, kò dá mi lóhùn. Torí irú èyí ni Sage ṣe ń lo sig_on() àti sig_off(). Tí ẹ bá ti pe sig_on(), títí ẹ ó fi pe sig_off(), Ctrl-C máa já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ C, á sì gbé yín padà sí ìlà sig_on() gan-an pẹ̀lú KeyboardInterrupt, àṣìṣe tí Python fi ń sọ pé wọ́n ti dá iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbé yín padà báyẹn, clear tí ẹ kọ sísàlẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́! Àfi ìgbà tí mo fi try àti finally yí i ká, torí ohun tó bá wà lábẹ́ finally máa ṣiṣẹ́ kódà tí àṣìṣe bá wáyé. Mo tún ti ń to list Python láàárín sig_on() àti sig_off(). Èèwọ̀ ni. Tí Ctrl-C bá já lu ohun Python lágbede méjì, gbogbo ìṣirò ohun tó wà lọ́wọ́ Python á dàrú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá àṣìṣe yẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ò sí nínú C. Àwọn àpẹẹrẹ tí sage -t fi ń dán iṣẹ́ wò kọ̀ fún mi lórí -30*x. FLINT ní: -30, àti x. Sage ń retí (-1) * 2 * 3 * 5 * x. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Láàárín pólínómíà olódidi nọ́ńbà, 2, 3 àti 5 fúnra wọn jẹ́ ohun tí kò ṣeé fọ́ mọ́, Sage sì ń kà wọ́n. FLINT kàn gbé nọ́ńbà tó wọ́pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Èmi ni mo wá fọ́ -30 yẹn kí n tó dá èsì padà.

———

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. PARI ló fi ojú mi rí nǹkan ní tèmi. Orí stack tirẹ̀, ìyẹn àyè mẹ́mórì tó ń to nǹkan léra, ló ń kó gbogbo nǹkan sí. Mo tọ́jú GEN kan (orúkọ tí PARI ń pe ohun tó ń ṣírò), mo dá avma, àmì ibi tí stack dé, padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí mo padà sídìí GEN yẹn, nọ́ńbà mìíràn ló ti jókòó síbẹ̀. Kò pariwo, kò kú, irọ́ ló ń pa fún mi. gclone, tó ń ṣe ẹ̀dà GEN síbòmíràn, ni mo fi gbé e kúrò lórí stack.

———

Àbúrò, o ṣeun. Ta ló wá ń pe gunclone, tó ń pa ẹ̀dà yẹn rẹ́?

———

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Inú __dealloc__, ibi tí Cython ń pè nígbà tí nǹkan bá parí lílò, ni mo fi sí.