Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìn lórí òkè Cairngorms ní Scotland nígbà yìnyín, ẹ gbà mí o

Aberdeen ni mò ń gbé, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ lọ sí Coire an t-Sneachda, àfonífojì kan nínú òkè yẹn, ní Sátidé (ẹ má bi mí pé kí lọmọ Ìbàdàn ń wá nínú yìnyín). Mo wo ìkéde tòní látọ̀dọ̀ SAIS, àwọn tó ń kéde ewu yìnyín orí òkè ní Scotland, wọ́n ní ewu avalanche, ìyẹn kí yìnyín ya lulẹ̀ látorí òkè, ti dé Considerable, ipò kẹta nínú márùn-ún, lápá àríwá sí ìlà oòrùn láti 900 mítà lọ sókè, torí afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló ń gbá yìnyín jọ síbẹ̀. Mo wá fi máàpù wọn ọ̀nà tá a máa gbà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀ ò ju díígírì 20 lọ, inú mi ti ń dùn, àfi bí mo ṣe rí i pé ibi tó wà lókè orí wa gan-an tó 38, bẹ́ẹ̀ láàárín 30 sí 45 ló ti máa ń ya jù. A ní transceiver (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀), ṣọ́bìrì àti ọ̀pá probe tí wọ́n fi ń gún yìnyín wá èèyàn, àmọ́ ìyẹn ò ní kó má ya.

Tá ò bá tiẹ̀ fẹsẹ̀ kan òkè yẹn rárá, ṣé ó ṣì lè ya bá wa nísàlẹ̀, báwo ló sì ṣe yẹ ká jìnnà sí ìdí ẹ̀ tó?