Akáńtì ni mo kà, SLP (speech-language pathology, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àti èdè) ni mo fẹ́ ṣe l'Amẹ́ríkà: kí ni kí n kọ́kọ́ gbájú mọ́?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_MD:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Akáńtì ni mo fi gboyè ní Nàìjíríà, Maryland ni mò ń gbé báyìí. Mo fẹ́ ṣe dígírì kejì nínú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àti èdè. Àwọn kan ní àfi kí n tún dígírì àkọ́kọ́ ṣe, àwọn kan ní kò pọn dandan. Èwo ni ká mú? Kọ́ọ̀sì wo ló yẹ kó ṣáájú? Wákàtí 25 observation yẹn, ìyẹn wíwo bí SLP ṣe ń tọ́jú aláìsàn, ńkọ́? Ṣé ohùn Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́nu mi kò ní dí mi lọ́wọ́?

Ìyá_Tóbi:
Àbúrò, má tún dígírì kankan ṣe. Kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní leveling lo nílò. Ibi tó ti ń dàrú mọ́ èèyàn lójú ni pé ọ̀nà méjì ni òfin ti ń wá.

Ti ASHA kọ́kọ́ wà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí l'Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fúnni ní CCC-SLP, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ SLP. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí kọ́ọ̀sì yunifásítì mẹ́rin lórí transcript rẹ: bàólọ́jì tó jẹ mọ́ ènìyàn tàbí ẹranko, físíìsì tàbí kẹ́mísìrì, statistics, àti ọ̀kan nínú sáíkọ́lọ́jì, sosiọ́lọ́jì, anthropology tàbí public health. Ìwọ tó o ka akáńtì, ó ṣeé ṣe kí statistics ti wà ńlẹ̀. Má fi economics dípò sáíkọ́lọ́jì o, kò sí lára èyí tí wọ́n dárúkọ. Bàólọ́jì WAEC kò kà. Kọ́ọ̀sì ọ̀nà ìwádìí tí ẹ̀ka SLP fúnra rẹ̀ ń kọ́ni kò lè dúró fún statistics. Community college àdúgbò rẹ ń kọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó wọn sì kéré.

Tilé-ẹ̀kọ́ ló kù. Lọ sórí EdFind, ibi tí ASHA ti ń jẹ́ kéèyàn wá ilé-ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yan ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ tí CAA, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ètò SLP wò, fọwọ́ sí, kó o kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan béèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wàá rí i pé márùn-ún kan ò ní yé hàn: Phonetics, Anatomy and Physiology of Speech and Hearing, Language Development, Speech Science àti Introduction to Audiology. Àwọn míì á fi Neuroanatomy tàbí Aural Rehabilitation kún un. Kó o tó san kọ́bọ̀, fi sílábọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí olùdarí ètò náà nínú ímeèlì, kó o sì tọ́jú èsì rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń lọ ṣe Anatomy àwọn nọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ò sì ní gbà á, torí kíndìnrín àti egungun ẹsẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ọ̀fun ò rí àyè. Àwọn kan kì í sì í ka kọ́ọ̀sì tó bá ti pẹ́ jù, ọdún 5 tàbí 7.

Olùkọ́_IPA:
Phonetics àti Anatomy ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Orí méjèèjì ni Speech Science dúró lé.

Etí Yorùbá ní àǹfààní nínú Phonetics: ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ kì í sá mọ́ wa lọ́wọ́, fáwẹ̀lì aránmúpè kì í sì í ṣe àjèjì. Àmọ́ ship àti sheep, full àti fool, ọ̀kan náà ni wọ́n máa ń jọ létí wa. Ìdánwò sì rèé, wọ́n á sọ̀rọ̀, ẹ̀yin á kọ ọ́ ní IPA, àmì tí wọ́n fi ń kọ ìró ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ohun tí etí ò gbọ́, ọwọ́ ò lè kọ ọ́. Ẹ máa fi ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ kọ ọ̀rọ̀ ogún láti ẹnu ọmọ Amẹ́ríkà, kẹ́ ẹ wá fi wé dictionary. Ẹ má wo sípẹ́lì rárá, òun ló ń tanni jẹ: though ní lẹ́tà mẹ́fà, ìró méjì ló wà ńbẹ̀, [ðoʊ]. Dictionary Amẹ́ríkà ni kẹ́ ẹ lò. Ti ìlú Ọba kì í kọ r ìparí car, ẹ ó sì pàdánù máàkì lórí rẹ̀. T tó wà láàárín water náà, [ɾ] ni l'Amẹ́ríkà, ahọ́n kàn gbá òkè ẹnu fìrí ni.

Ní Anatomy, ẹ má há orúkọ sórí lásán. Ẹ kọ nerve (iṣan tó ti ọpọlọ wá) V, VII, IX, X, XI àti XII sílẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bó bá bàjẹ́. Ẹ wo ẹ̀ka X tó ń lọ sọ́fun lápá òsì: ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wọ àyà, ó gba abẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó tinú ọkàn jáde, kó tó padà gòkè. Ìdí nìyẹn tí ohùn èèyàn fi lè há lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn.

Wálé_Dallas:
Ọ̀rọ̀ ìwé ló ń dá ọmọ Nàìjíríà dúró jù. CSDCAS, ojúlé ìforúkọsílẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń gba fọ́ọ̀mù, púpọ̀ nínú wọn sì máa ń tilẹ̀kùn láàárín December sí February. Transcript Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí òkèèrè wò, bíi WES, kọjá. Course-by-course ni kẹ́ ẹ sanwó fún. Document-by-document kò ní fi máàkì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan hàn. Yunifásítì yín fúnra rẹ̀ ló máa fi í ránṣẹ́, ẹ sì mọ bí ìyẹn ṣe ń pẹ́ tó, nítorí náà March ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe October. Bó bá jẹ́ second class lower lẹ ní, máàkì leveling ló máa gbà yín sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti pa GRE, ìdánwò ìgbàwọlé dígírì kejì, tì. Lẹ́tà olùkọ́ ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: nínú kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ ò mọ ẹni tí kì í wá sí office hours.

Wákàtí 25 yẹn, SLP tó ní CCC, tó ti fi oṣù 9 ó kéré tán ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé-ẹ̀rí, tó sì ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 2 nípa bíbójú tó akẹ́kọ̀ọ́, ló gbọ́dọ̀ darí rẹ̀. Wíwo YouTube fúnra ẹni kò kà. Ẹ kọ déètì, iye ìṣẹ́jú, ọmọdé tàbí àgbà, irú ìṣòro, àti nọ́ńbà ASHA ti SLP náà, kó sì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má kọ orúkọ aláìsàn. Ọsibítù máa ń kọ̀ nítorí òfin àṣírí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá kọ́ọ̀sì leveling tó ń lo fídíò Master Clinician Network. Wákàtí 375 tó kù láti pé 400 tí ASHA béèrè, inú dígírì kejì lẹ ti máa rí ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_MD:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ètò ọlọ́dún mẹ́ta tó kó leveling àti dígírì kejì pọ̀ ńkọ́?

Ìyá_Tóbi:
Òun ni mo fẹ́ jù, torí ẹ̀ẹ̀kan lo máa wọlé. Bó o bá ṣe leveling lásán, ilé-ẹ̀kọ́ tó o ti ṣe é gan-an lè má gbà ẹ́ fún dígírì kejì.

Olùkọ́_IPA:
Ẹ má bínú, mà, ẹni tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ ò ní lè ṣe ìyẹn. Kó máa ṣe kọ́ọ̀sì méjì méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Utah State àti Longwood wà lára àwọn tó ń ṣe é.

Ní ti ohùn, ASHA kò fi í dènà ẹnikẹ́ni, bí ẹ bá ṣáà ti lè fi ìró tí aláìsàn ń kọ́ hàn án. V ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ dúró níwájú díńgí, ẹ gbé eyín òkè lé ètè ìsàlẹ̀, ẹ fi ìka kan ọ̀fun. Bí ọ̀fun ò bá gbọ̀n, f lẹ ṣì ń pè.