Èsì: tútù, tòbí, tàbí yẹ̀rì onípele?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ìwé o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí a ti kọ látìgbà tí àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ijó fún àwọn ọmọdé ti bèèrè ohun tí a ó máa pe tutu, ìyẹn yẹ̀rì tí àwọn obìnrin tó ń jó ballet, ijó orí ìtàgé àwọn òyìnbó, máa ń wọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká mú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà, ká fi àmì ohùn sí i, kó di tútù. Ìyá wa tó mọ tìfun-tẹ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ aṣọ ní tòbí oníjó ló yẹ ẹ́. Ẹlòmíì tún ní ká sáà pè é ní aṣọ ọ̀ṣọ́ oníjó. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn, mi ò fara mọ́ ìkankan, ìtàn aṣọ náà ni kò sì jẹ́ kí n fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú tútù. Àwọn tó ń ta kò ó ń sọ pé yóò dàrú mọ́ omi tútù. Èyí nìkan kò tó láti fi lé e sẹ́yìn. Àwọn tẹ́lọ̀ wa ń pe àwọ̀n líle tí wọ́n ń rán sábẹ́ gáùn ìyàwó ní kankan, láti ara orúkọ ijó Faransé kan, cancan, kò sì sí ẹni tó ń ṣì wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí èmi rí sí tútù ni pé aṣọ náà ti dàgbà kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1832 ni Marie Taglioni jó La Sylphide ní Ilé Opéra Páríìsì, ijó tí Filippo, bàbá rẹ̀, ṣètò fún un. Iwin inú afẹ́fẹ́ ló ń ṣe. Apá òkè aṣọ rẹ̀ fún mọ́ ọn lára, ọrùn àti èjìká wà níta, láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ sì ni aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti gun ara wọn, tí wọ́n fẹ̀ jáde bí ẹnu agogo títí dé àárín ojúgun. Aṣọ yìí ni gbogbo tutu ayé ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 1881 ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ tó yọjú nínú ìwé Faransé, èdè ọmọdé ló sì ti wá. Cul ni Faransé ń pe ìdí. Àwọn ọmọdé ń pè é ní cucu. Ìyẹn ló yí padà di tutu lẹ́nu àwọn ará ilé eré. Taglioni jó, ó fẹ̀yìntì, kò mọ̀ pé tutu ni òun wọ̀. Bí àwọn tó ni aṣọ bá ti lo nǹkan bí ọdún 50 láìsí orúkọ yẹn, kò sí ìdí tí àwa yóò fi gbé e rù bí ẹni pé ó ti ọ̀run bá aṣọ wá.

Ti tòbí ńkọ́? Mo mọ ohun tí Mọ́mì ń wò. Orúkọ Faransé ń tọ́ka sí ìdí, tòbí náà sì jẹ́ aṣọ ìdí. Àmọ́ abẹ́ ìró ni tòbí ń gbé, obìnrin tó bá jẹ́ kó yọ síta yóò yára fà á wọlé. Ìta gan-an ni aṣọ tí à ń sọ yìí wà, wọ́n sì ń gé e kúrú kí ẹsẹ̀ lè hàn ni. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Marie Camargo, tó kọ́kọ́ jó ní Opéra Páríìsì ní 1726, gé yẹ̀rì rẹ̀ sókè díẹ̀ kúrò ní ọrùn ẹsẹ̀ kí wọ́n lè rí i bó ṣe ń fẹsẹ̀ méjèèjì kọjá ara wọn lójú òfuurufú. Ìka mélòó kan péré ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jà ràn-ìn nígbà náà. Nígbà tí àwọn oníjó Ítálì dé Rọ́ṣíà ní àwọn ọdún 1880, tí Virginia Zucchi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, yẹ̀rì ti kúrú dé òkè orúnkún. Ní 1895, nínú ijó Swan Lake ní St. Petersburg, Pierina Legnani fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó yí nígbà 32 léraléra. Ta ni ìbá rí iṣẹ́ yẹn lábẹ́ aṣọ gígùn? Tòbí ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Èyí ń ṣí i sílẹ̀.

Aṣọ ọ̀ṣọ́ ló dùn mí jù. Ẹ wo ohun tí aṣọ náà jẹ́ fún àwọn tó wọ̀ ọ́. Ilé Opéra ti ń lo iná gáàsì láti 1822. Aṣọ òwú tí wọ́n ń pè ní tarlatan, tí híhun rẹ̀ là gbayawu, tí wọ́n fi sítáàṣì mú dúró, máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé kó sì tàn padà, ló fi jọ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ìpele kan àti èkejì tó jẹ́ kó lẹ́wà náà ló ń jẹ́ kí iná jó o ní wàrà-wàrà. Ní 1844, iná mú Clara Webster lórí ìtàgé Drury Lane ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kú. Ní Faransé, ìjọba pàṣẹ ní 1859 pé kí wọ́n máa rẹ aṣọ ìtàgé sínú oògùn tí kì í jẹ́ kí ó gbiná. Ṣùgbọ́n oògùn náà ń mú aṣọ le, ó ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í ṣeré lára rẹ̀ mọ́. Emma Livry, ọmọ tí Taglioni fúnra rẹ̀ kọ́, kọ̀wé pé yẹ̀rì òun tí wọn kò rẹ sínú oògùn lòun yóò máa wọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá 1862, wọ́n ń dánra wò. Ó tú yẹ̀rì rẹ̀ ká kó má bàa rún nígbà tó bá jókòó. Etí aṣọ kan iná gáàsì. Oṣù mẹ́jọ ló fi jẹ̀rora kó tó kú ní oṣù Keje 1863. Kò tíì pé ọmọ ọdún 21. Àkísà tó ṣẹ́ kù lára aṣọ náà wà ní ilé ìṣúra Opéra ní Páríìsì títí dòní. Aṣọ tí oníṣẹ́ yàn nítorí iṣẹ́ rẹ̀, tó sì mọ ewu tó wà níbẹ̀, mi ò lè gbà ká pè é ní ọ̀ṣọ́. Aṣọ iṣẹ́ ni.

Àbá tèmi ni yẹ̀rì onípele. Yẹ̀rì wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún síkẹ́ẹ̀tì. Ìpele ni ohun tí kò yí padà láti 1832: gígùn ni o, kúkúrú ni o, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gun ara wọn ni. Mo ti ronú sí yẹ̀rì aláwọ̀n, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n aṣọ tí Taglioni wọ̀ kì í ṣe àwọ̀n, híhun ni. Ẹlòmíì lè sọ pé ìpele ni ìborùn tí àwọn ìyá wa ń gbé lé ìró. Bẹ́ẹ̀ ni, ìtumọ̀ méjèèjì bá ara wọn mu, torí aṣọ tí à ń gbé lé aṣọ ni.

Fún ìwé àbúrò wa, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ báyìí: yẹ̀rì onípele gígùn fún ti La Sylphide àti Giselle, ijó ballet mìíràn, yẹ̀rì onípele pẹlẹbẹ fún èyí tó dúró gbọnrangandan ní ìbàdí. Kí tutu fara hàn lẹ́ẹ̀kan péré, ní ìkọsílẹ̀ Faransé rẹ̀, níbi tí orúkọ náà ti kọ́kọ́ wáyé. Èyí tó kù tí mi ò ní ọ̀rọ̀ fún ni tarlatan. Kí àwọn tẹ́lọ̀ àti ahunṣọ tó wà láàárín wa sọ ohun tí wọ́n ń pe aṣọ òwú tí híhun rẹ̀ là báyẹn, kí àbúrò wa tó kó iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn atẹ̀wé.