Ẹ sọ ìrírí yín, ẹ̀yin tí ẹ ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì píkọ́ọ̀pù yín sí ti ọ̀nà oko

Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin awakọ̀. Ó ti pé oṣù 8 tí mo bọ́ ṣọ́ọ̀kì (ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀ tó ń dín mímì rẹ̀ kù) tó bá píkọ́ọ̀pù mi wá kúrò, tí mo fi ti ọ̀nà oko rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra ṣọ́ọ̀kì kí ọ̀rọ̀ tó yanjú, èyí tí mo kọ́kọ́ rà sì ń dùn mí títí dòní. Mo fẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí owó ẹlòmíràn má bàa ṣòfò bíi tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín tẹ̀lé e.

Sípíríǹgì kíká ló wà níwájú ọkọ̀ náà, pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn ló wà lẹ́yìn. Irinṣẹ́ àti táǹkì omi ni mo máa ń gbé sí i, gbogbo rẹ̀ tó kílò 300. Kìlómítà 40 lójú ọ̀nà mi ni kò ní ọ̀dà, ojú ilẹ̀ ibẹ̀ sì rí bíi páànù òrùlé. Tí mo bá ti lé ní kìlómítà 50 láàárín wákàtí, ìdí ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi pé ilẹ̀ ń yọ̀. Tó bá kó sí gálọ́ọ̀pù kan, á mì sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó tó fara balẹ̀.

Èrò mi ni pé bí ṣọ́ọ̀kì bá ṣe le tó ni yóò ṣe gbé ẹrù tó. Mo ra méjì tó le jù lọ tí mo rí, mo fi wọ́n sẹ́yìn, mi ò fọwọ́ kan tiwájú. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni inú mi fi dùn. Lọ́jọ́ tí mo já ẹrù sílẹ̀ tí mo ń bọ̀ lófìfo, ọkọ̀ náà ń ta mí sókè lórí ìjókòó débi pé bẹ́líìtì ń ha mí léjìká. Nígbà tí ẹrù padà sí i, mo ṣì ń gbọ́ "gbòà!" lábẹ́ ọkọ̀ bó ti ń kó sí kòtò. Ohùn yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ náwó.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe láti ọdún pípẹ́ ló là mí lójú. Ó ní ká jọ gba ọ̀nà yẹn fún ìṣẹ́jú 20. Bí a ṣe dúró, kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Ooru tó ń jáde lára méjì ẹ̀yìn, èmi tí mo dúró lókè ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Tiwájú lápá ọ̀tún lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tiwájú lápá òsì, ó na ọwọ́ sí i, ó tún sún mọ́ ọn, ó wá gbá a mú pátápátá: ó tutù bí irin tó sùn síta mọ́jú. Ó ní, "Àbúrò, eléyìí ti kú."

Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Nínú ṣọ́ọ̀kì, písítìn kan, irin tó ń lọ sókè sódò nínú agolo, ló ń ti epo gba ihò wẹ́wẹ́. Wàhálà tí epo ń rí kó tó kọjá ló ń kó sípíríǹgì níjàánu, agbára tí ọkọ̀ fi ń fò á sì di ooru. Èyí tí kò bá gbóná lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó ń gbé ẹrù nínú wọn, iṣẹ́ sípíríǹgì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi tépù wọn àlàfo tó wà láàárín áàsù ẹ̀yìn (irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) àti rọ́bà tí áàsù máa ń kọlù: sẹ̀ǹtímítà 2 péré, pẹ̀lú ẹrù. Sípíríǹgì mi ti tẹ́jú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò sí ohun tí ṣọ́ọ̀kì, bó ti wù kó le tó, lè ṣe nínú àyè bíńtín yẹn.

Lẹ́ẹ̀kejì, ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ, kí n tó lọ bá ẹni tó ń ta ṣọ́ọ̀kì. Mo wọn iwájú lọ́tọ̀, mo wọn ẹ̀yìn lọ́tọ̀, pẹ̀lú ẹrù lórí ọkọ̀. Sípíríǹgì ẹ̀yìn tí mo rà jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrù kílò 300 tí kì í sábà kúrò lára ọkọ̀. Àwọn ARB, ilé iṣẹ́ kan ní Ọsirélíà tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì Old Man Emu, máa ń pín sípíríǹgì wọn báyìí, gẹ́gẹ́ bí ẹrù tó máa ń wà lórí ọkọ̀. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń tà á máa béèrè ìwọ̀n ẹrù lọ́wọ́ oníbàárà kó tó gba owó.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, oríṣi méjì ni mo gbé yẹ̀ wò. Alágolo méjì, tí ọ̀kan wà nínú èkejì, kì í tètè bàjẹ́ bí òkúta bá bà á, torí inú agolo ti inú lọ́hùn-ún ni písítìn ti ń rìn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà burúkú bá gùn, epo àti gáàsì lè dà pọ̀ nínú rẹ̀, epo á yọ ìfófó, ọkọ̀ á sì máa mì bí ọkọ̀ ojú omi. Nínú alágolo kan, písítìn kejì ló ya gáàsì náítírójìn sọ́tọ̀ kúrò lára epo, epo sì fara kan agolo ìta gan-an, ooru á tètè jáde. Irú èyí ni Bilstein 5100, tí písítìn rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 46. Nọ́ńbà 2.0 àti 2.5 tí ẹ ń rí lára ṣọ́ọ̀kì Fox, fífẹ̀ agolo rẹ̀ ní íǹṣì ni. Alágolo kan ni mo mú, mo pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì gbé iwájú sókè ní íǹṣì 2.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kó fara balẹ̀ níbí. Sípíríǹgì kíká tí wọ́n fún pọ̀ lè pa ènìyàn bó bá já. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní irinṣẹ́ gidi ni mo gbé tèmi lọ. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tó ní gáàsì máa ń nà jáde fúnra rẹ̀, nítorí náà, ẹ má gé okùn tí wọ́n fi dè é títí ẹ ó fi so orí rẹ̀ mọ́ òkè. Sípánà ọwọ́ ni kí ẹ fi fún nọ́ọ̀tì orí rẹ̀. Bí ẹ bá lo èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ yí, ọ̀pá inú á máa yí tẹ̀lé e, á ba rọ́bà tó ń dá epo dúró jẹ́. Èyí tí mo rí i pé àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù ni bóòtì tó gba inú búṣì kọjá, ìyẹn rọ́bà tó wà nínú ihò tí wọ́n fi ń so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọkọ̀. Táyà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, kí ọkọ̀ ti jókòó dáadáa, kí ẹ tó fún un pa. Bí ẹ bá fún un lórí jáàkì, rọ́bà á ti lọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi irú búṣì bẹ́ẹ̀ hàn mí, ó ti sán yípo, irin àárín rẹ̀ sì ń yí fàlàlà nínú ihò. Lẹ́yìn náà, mo ṣe aláìmẹ́ǹtì (títún ìdúró táyà ṣe kí wọ́n lè kọjú síwájú bó ṣe yẹ), mo sì rẹ iná iwájú sílẹ̀, torí ó ti ń tàn sójú àwọn tó ń bọ̀.

Ọ̀nà kan náà, ẹrù kan náà: bó bá kó sí gálọ́ọ̀pù báyìí, á lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á gòkè, ó tán. Àlàfo ẹ̀yìn ti di sẹ̀ǹtímítà 8. Lófìfo, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì le, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fara mọ́ ọn.

Ìdáhùn kìíní

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Íǹṣì 4 ni wọ́n gbé iwájú tèmi sókè, ẹni tó ṣe é sì fi dá mi lójú pé kò séwu. Kò pé oṣù mẹ́ta tí rọ́bà tó bo oríkèé ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú fi ya. Ńṣe ni mo rí gíríìsì dúdú tó ta káàkiri ẹ̀yìn ríìmù. Nígbà tí wọ́n fi jáàkì gbé e, páìpù bíréèkì ti nà gbọọrọ bí okùn gìtá. Àyà mi já, torí mo máa ń kó àwọn ọmọ mi sínú ọkọ̀ yẹn. Mo dá a padà sí íǹṣì 2, mo ra páìpù bíréèkì tó gùn sí i. Ìgbà yẹn ni sítíárìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sáàárín fúnra rẹ̀ bí mo bá ti yà ní kọ́nà.

Ìdáhùn kejì

Ṣọ́ọ̀kì tó ní agolo epo àfikún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo lò, ó sì dára gan-an fún ìrìn wákàtí púpọ̀. Àmọ́ kí n tó rà á ni mo ti kọ́ láti dín afẹ́fẹ́ táyà kù, láti 36 psi sí 26, bí mo bá ti kúrò lórí ọ̀dà. Ìyẹn nìkan mú gbígbọ̀n náà rọlẹ̀ gan-an. Kí n tó padà sórí ọ̀dà, mo máa ń fẹ́ ẹ padà.

Lẹ́yìn kìlómítà 1,000 tí mo fi ṣọ́ọ̀kì náà rìn, mo padà sábẹ́ ọkọ̀ láti yẹ gbogbo bóòtì wò. Ọ̀kan ṣoṣo, ti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn lápá òsì, ló ti dẹ̀. Mo fún un pa, mo fa ìlà ọ̀dà funfun láti orí nọ́ọ̀tì wọ ara irin. Láràárọ̀ Sátidé ni mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó bóyá ìlà yẹn ṣì tọ́.